Bí Aláàmù Server Bá Ń Ké: Bí A Ṣe Ń Tú Àyẹ̀wò Òkèèrè Wò, Tí A sì Ń Fi Ààlà Tó Yẹ sí Àwọn Server Tó Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní Bódìjà níbí nìyẹn gan-an: à ń ti òkèèrè wo server àwọn oníbàárà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú òpó wọn), kí a lè rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́ kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Mẹ́rin nínú àwọn server náà wà ní Jámánì. Kọ̀ǹpútà olùṣọ́ tó ń wò wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà wa.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, òjò ńlá rọ̀, wáyà fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì já. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó yára ki módẹ́ẹ̀mù tó ń lo síìmù bọ ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì sì padà. Kò pé ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà tí ìkìlọ̀ 37 fi wọ fóònù mi. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ti kú o!" Mo ṣí ojú òpó ọ̀kan lára àwọn oníbàárà lórí fóònù mi, ojú òpó oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu sọ̀rọ̀, ó ti pa server méjì tí ara wọn le koko, ó sì ti tún wọn tàn. Àwọn tó ń sanwó ọjà lọ́wọ́ já bọ́ lójú ọ̀nà.

Ọmọ náà kò ṣe ohun tó burú. Aláàmù ló purọ́ fún un, èmi tí mo to aláàmù náà ni mo sì jẹ ẹ̀bi. Ohun tí mo kọ́ látìgbà náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

Ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀?

Nagios, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ server, ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun la ń lò. Ethan Galstad ló gbé e jáde ní 1999 pẹ̀lú orúkọ NetSaint, ní 2002 ló di Nagios. Icinga, tó yapa lára rẹ̀ ní 2009, ṣì ń lo àwọn plugin (ètò kéékèèké tó ń ṣe àyẹ̀wò) kan náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí mo máa sọ bá ẹni tó ń lo ìyẹn náà mu.

Nagios tó wà ní Bódìjà kì í wo dísìkì server tó wà ní Jámánì fúnra rẹ̀. Ó máa ń rán check_nrpe. check_nrpe á lọ kan ilẹ̀kùn, ìyẹn port 5666, lórí server. NRPE, ètò tó ń gbé níbẹ̀ láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Nagios, á dá a lóhùn, á sì rán plugin níṣẹ́. Plugin á wo dísìkì, á sọ gbólóhùn kan, á sì fi nọ́ńbà kan sílẹ̀: 0 ni OK, 1 ni WARNING, 2 ni CRITICAL, 3 ni UNKNOWN. Ẹni mẹ́rin ló ń gbé ọ̀rọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kọsẹ̀, àwọ̀ tó hàn lójú Nagios kò ní sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wo àwọ̀ nìkan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkìlọ̀

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí CRITICAL tí wọn ò ní ka ohun tó tẹ̀ lé e. Inú ohun tó tẹ̀ lé e yẹn ni ìdáhùn máa ń wà.

"Connection refused" túmọ̀ sí pé server wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dáhùn ní port 5666. Yálà NRPE ti dúró, tàbí 127.0.0.1 (àdírẹ́sì tí server fi ń pe ara rẹ̀) nìkan ló ń tẹ́tí sí. Àṣẹ yìí á fi hàn yín lórí server náà:

ss -ltnp | grep 5666

"Socket timeout after 10 seconds" yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè kọjá) kan lójú ọ̀nà lè máa da ọ̀rọ̀ náà nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí plugin fúnra rẹ̀ máa pẹ́ kó tó parí iṣẹ́.

"Could not complete SSL handshake" ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé-ẹ̀rí SSL (tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀) kiri. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe SSL. NRPE wo àdírẹ́sì ẹni tó kan ilẹ̀kùn, kò rí i nínú allowed_hosts (àkójọ àdírẹ́sì tó gbà láyè), ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lálẹ́ Sátidé yẹn gan-an nìyí.

"Command 'check_dsk' not defined": orúkọ tí olùṣọ́ pè kò bá orúkọ tó wà nínú nrpe.cfg (fáìlì ètò NRPE lórí server) mu. Ẹ fi wọ́n síra, lẹ́tà sí lẹ́tà.

"Unable to read output": NRPE rán plugin níṣẹ́, plugin kò sọ nǹkan kan. Fáìlì náà lè má sí níbi tí wọ́n ní ó wà, tàbí kí ẹni tó ń lò ó má ní àṣẹ.

"Return code of 127 is out of bounds" ń sọ pé fáìlì plugin kò sí lọ́dọ̀ olùṣọ́. Bó bá jẹ́ 126, fáìlì wà, ṣùgbọ́n a ò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú server, kí ẹ máa bọ̀ síta

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wọ server náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pe plugin:

sudo -u nagios /usr/lib/nagios/plugins/check_disk -w 20% -c 10% -p /
echo $?

Orí Debian àti Ubuntu ni ọ̀nà yẹn wà. Lórí Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀, /usr/lib64/nagios/plugins ni ẹ máa wá, nrpe sì ni orúkọ ẹni tó ń lò ó. Ìlà kejì ṣe pàtàkì, torí nọ́ńbà tó bá gbé jáde ni Nagios ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú lè máa pariwo CRITICAL kí nọ́ńbà jẹ́ 0. Nagios á sọ pé OK, kò ní wo ariwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi root (ọ̀gá tó ní gbogbo àṣẹ lórí server) dán an wò. Ìgbà kan wà tí mo lo gbogbo òru lórí àyẹ̀wò tó ń ka iye lẹ́tà tó dúró de ìfiránṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, OK ló ń sọ. Bí Nagios bá pè é, "Unable to read output." Root ni mo fi ń pè é, root sì lè ka ibi gbogbo. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nagios kò láṣẹ láti ka ibẹ̀. Ìlà kan péré nínú /etc/sudoers.d ló yanjú rẹ̀:

nagios ALL=(root) NOPASSWD: /usr/lib/nagios/plugins/check_mailq

Visudo ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ sì fi sudo ṣáájú plugin náà nínú nrpe.cfg.

Bí plugin bá dáhùn dáadáa, ẹ sún síta díẹ̀. Ẹ pe NRPE láti orí server kan náà, lẹ́yìn náà kí ẹ pè é láti ọ̀dọ̀ olùṣọ́, láìfi àṣẹ kankan kún un:

check_nrpe -H 127.0.0.1
check_nrpe -H àdírẹ́sì-server

Bó bá gbé nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ jáde, bíi NRPE v4 àti ohun tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà mọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá dáhùn tí èkejì kò dáhùn, àárín ìlú méjèèjì ni ẹ̀ṣẹ̀ wà: firewall, allowed_hosts, tàbí NRPE tó ń tẹ́tí sí 127.0.0.1 nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan plugin mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àdírẹ́sì ọ́fíìsì tó ń yí padà

Ẹni tó ń ṣọ́ server láti ọ́fíìsì nílẹ̀ wa níbí gbọ́dọ̀ dúró lórí èyí dáadáa. Nígbà tí fáíbà wa já tí a bọ́ sórí síìmù, àdírẹ́sì tí ayé fi ń mọ̀ wá yí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn server wà níbi tí wọ́n wà. Ping (ìkésíni kúkúrú tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wà láàyè) ń lọ, ojú òpó ń ṣí. Ṣùgbọ́n NRPE wo àdírẹ́sì tuntun, kò mọ̀ ọ́n, ó lé wa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àdírẹ́sì tí ẹ ń lò lọ́wọ́:

curl -s ifconfig.me

Ẹ fi wé èyí tó wà nínú allowed_hosts. Má ṣe jẹ́ kí ìbínú mú ọ kọ 0.0.0.0/0 síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé lè kàn kì í ṣe ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí dont_blame_nrpe (tó ń gba ẹni tó kàn ilẹ̀kùn láyè láti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún àṣẹ) wà ní 0, àfi tí ẹ bá mọ ìdí tí ẹ fi ń yí i.

Ohun tí a ṣe ni pé a fi WireGuard so olùṣọ́ mọ́ server kọ̀ọ̀kan. Olùṣọ́ ń jẹ́ 10.8.0.1 nínú ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ yẹn, ìlà tó wà lórí gbogbo server sì di:

allowed_hosts=127.0.0.1,10.8.0.1

Bí àdírẹ́sì ìta bá yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, 10.8.0.1 kò yí. Níwọ̀n bí olùṣọ́ ti wà lẹ́yìn módẹ́ẹ̀mù, ẹ fi PersistentKeepalive = 25 sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ọ̀nà má baà sùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún nrpe.cfg ṣe, ẹ tún NRPE bẹ̀rẹ̀: nagios-nrpe-server ni orúkọ rẹ̀ lórí Debian àti Ubuntu, nrpe lórí Red Hat.

Ohun kejì ni bí ìkìlọ̀ 37 ṣe lè di mẹ́rin. Gbogbo àyẹ̀wò tó ń gba NRPE kọjá lórí server kan, ẹ so wọ́n mọ́ àyẹ̀wò kan tó ń pe check_nrpe lásán. Servicedependency ni Nagios pè é, notification_failure_criteria rẹ̀ sì ni w,u,c. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ìkìlọ̀ kan á sọ pé ilẹ̀kùn tì, àwọn tó wà nínú ilé á dákẹ́. Bákan náà, ẹ fi rọ́ọ̀tà ọ́fíìsì àti àdírẹ́sì kan lẹ́yìn rẹ̀ ṣe parents fún àwọn server, kí Nagios lè mọ̀ pé ọ̀nà ló já, kì í ṣe pé ibi tí à ń lọ ti wó. Ṣùgbọ́n parents nìkan kì bá tí gbà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ping ń lọ.

Àkókò, àti bí Jámánì ṣe jìnnà sí Ìbàdàn

Àpẹẹrẹ tó ń bá Nagios wá fi ààlà ping sí 100.0,20% fún WARNING àti 500.0,60% fún CRITICAL (mìlísẹ́kọ́ǹdì tí àlọ-àbọ̀ ń gbà, àti ìpín ohun tó sọnù lójú ọ̀nà). Kọ̀ǹpútà tí Nagios fúnra rẹ̀ ń gbé ni wọ́n ń fi 100 mìlísẹ́kọ́ǹdì yẹn wò. Láti ọ́fíìsì wa sí Jámánì, àlọ-àbọ̀ kan ń kọjá 100 lọ́jọ́ tí ara gbogbo nǹkan yá. Nítorí náà, WARNING ni olùṣọ́ ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo iye tó ń gbà ní tòótọ́, kí ẹ tó fi ààlà sí i.

Ní ti timeout (iye àkókò tí a fi ń dúró de ìdáhùn), check_nrpe ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. NRPE ń fún plugin ní 60 (command_timeout), Nagios náà ń fún àyẹ̀wò ní 60 (service_check_timeout). Bí ẹ bá ní plugin tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 15, -t 30 lẹ́nu check_nrpe á tó. Ẹ má gbé e dé 60, kí Nagios má baà pa á kó tó sọ tẹnu rẹ̀. -u náà wà, tó ń sọ timeout di UNKNOWN dípò CRITICAL. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí "mi ò rí i" àti "ó ti kú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ààlà fún ẹgbẹ́: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹ ro ó báyìí. Mícrà mẹ́rin ló ń ná Bódìjà sí Dùgbẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èrò á fún ara wọn mọ́ inú mẹ́ta, wọ́n á dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bí méjì bá bàjẹ́, ìlà á gùn ní ibùdókọ̀. Bí mẹ́ta bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn. Server wẹ́ẹ̀bù mẹ́rin tó ń pín iṣẹ́ ṣe kò yàtọ̀. Kó tó di pé ẹ kọ nọ́ńbà kankan, ẹ wádìí bí ẹrù ṣe wúwo tó nígbà tí ọjà bá kún. Tiwa jẹ́ 40% lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160. Bí ọ̀kan bá lọ, mẹ́ta tó kù á gbé bíi 53% lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí méjì bá lọ, 80%. Bí mẹ́ta bá lọ, ẹyọ kan kò lè gbé 160. Nítorí náà, ọ̀kan lè dúró di àárọ̀: WARNING. Méjì gbọ́dọ̀ jí mi lójú oorun: CRITICAL.

check_cluster ni plugin tó ń ka ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ -w 1 -c 2, wọ́n á sì lọ sùn. Àṣìṣe ni. Nínú òfin ààlà Nagios, nọ́ńbà lásán túmọ̀ sí "pariwo bó bá JU èyí lọ." -c 2 kò ní pariwo títí ẹ̀kẹta á fi kú. Ohun tí à ń fẹ́ ni -w 0 -c 1. Kò sì dìgbà tí ẹ bá pa server kí ẹ tó dán an wò. Ẹ fi nọ́ńbà lásán ṣe é:

check_cluster --service -l "Web" -w 1 -c 2 -d 0,2,2,0
CLUSTER WARNING: Web: 2 ok, 0 warning, 0 unknown, 2 critical

check_cluster --service -l "Web" -w 0 -c 1 -d 0,2,2,0
CLUSTER CRITICAL: Web: 2 ok, 0 warning, 0 unknown, 2 critical

Server méjì kú nínú méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ní kí a máa sùn lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà kọ ààlà: 10: ń pariwo bó bá kéré sí 10, 10:20 ń pariwo bó bá bọ́ síta àárín méjèèjì, @10:20 ń pariwo bó bá wọ àárín wọn. Check_disk ní tirẹ̀ máa ń dààmú èèyàn, torí -w 20% níbẹ̀ jẹ́ àyè tó ṣẹ́ kù, kì í ṣe èyí tí a ti lò.

Ohun kan tún wà tí check_cluster kì í pariwo rẹ̀: ohunkóhun tí kì í bá ṣe OK, ó kà á. WARNING, UNKNOWN, CRITICAL, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bí ẹ bá kó àyẹ̀wò dísìkì mọ́ ti HTTP (tó ń wò bóyá ojú òpó ń dáhùn) nínú ẹgbẹ́ kan, dísìkì méjì tó ń kún díẹ̀díẹ̀ lè gbé ẹgbẹ́ dé CRITICAL nígbà tí oníbàárà ń rajà láìsí wàhálà. Ẹ kó irú kan jọ, HTTP pẹ̀lú HTTP. Ẹ sì rí i pé -u tí mo yìn lókè kò gbà yín níbí, torí UNKNOWN wà lára ohun tó ń kà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ script kékeré tiwa:

#!/bin/bash
k=$(echo "$1" | tr ',' '\n' | grep -c '^2$')
u=$(echo "$1" | tr ',' '\n' | grep -c '^3$')
if [ "$k" -ge 2 ]; then echo "CRITICAL: $k ti kú"; exit 2; fi
if [ "$u" -ge 3 ]; then echo "UNKNOWN: a ò rí $u"; exit 3; fi
if [ "$k" -eq 1 ]; then echo "WARNING: 1 ti kú"; exit 1; fi
echo "OK: kò sí èyí tó kú"; exit 0

Ẹ má yọ ìlà UNKNOWN yẹn. Láìsí i, bí olùṣọ́ bá fọ́jú pátápátá, script á máa sọ pé OK, èyí sì burú ju ariwo lọ.

Irú nǹkan tí ẹ máa fún un, tàbí check_cluster, láti inú Nagios ni $SERVICESTATEID:web1:HTTP$, kí ẹ fi kọ́mà ya wọ́n. Orúkọ server àti ti àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ kọ síbòmíràn mu pátápátá, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Orúkọ tí ẹ bá ṣì kọ lè jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ yá títí ayé. Nítorí náà, ẹ máa ka àpapọ̀ inú ìdáhùn check_cluster: bí ẹ bá fún un ní mẹ́rin, ok, warning, unknown àti critical gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin.

Ìgbà wo ni fóònù á dún?

Àyẹ̀wò ẹgbẹ́ kì í jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí Nagios ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kà. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣe àyẹ̀wò ní ìṣẹ́jú 5 sí 5, tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5, tó sì gbọ́dọ̀ tún un wò lẹ́ẹ̀mejì sí i, ní ìṣẹ́jú kan sí kan, kó tó gbà, 5 àti 5 àti 2 jẹ́ 12. Fóònù lè má dún fún ìṣẹ́jú 12. Ẹ sọ ti ẹgbẹ́ di ìṣẹ́jú kan, kò ná yín ní kọ́bọ̀, á sì di 8. Ẹ fi max_check_attempts 3 sí i, torí ẹgbẹ́ ń rí ìkọsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ láti ìgbà àkọ́kọ́, kódà kí Nagios tó gbà pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìfitónilétí lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí WARNING ti ẹgbẹ́ pe fóònù, kí ẹ fi ìyókù ti ẹgbẹ́ sílẹ̀ tọ̀sántòru.

Bí ẹ bá ń ka log (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ṣe) láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ server ń lo UTC, aago wa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Nagios ní tirẹ̀ ń kọ àkókò bíi nọ́ńbà gígùn kan nínú àkámọ́. Ẹ fi date -d @ pẹ̀lú nọ́ńbà náà tú u.

Ìdánwò

A mú ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, a sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú. Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ dá nginx (ètò tó ń gbé ojú òpó jáde) dúró lórí web2. A dúró. WARNING hàn lójú Nagios, fóònù dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Ó dá ti web3 dúró. Kò tó ìṣẹ́jú 8 tí fóònù fi dún: "CRITICAL: 2 ti kú." Ó tan méjèèjì padà. Lẹ́yìn náà, ó yọ wáyà fáíbà, ó ki síìmù bọ̀ ọ́, bíi ti alẹ́ Sátidé yẹn. A jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù dún, rọ́ọ̀tà ló sì ń sọ pé ọ̀nà já, ó ti padà. Ó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé ìdánwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùṣọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un ṣe.